Ìsọ̀ Tẹlifóònù Tí Ìyá Wa Yàn

Òórùn kẹrosíìnì ni mo fi ń rántí ìsọ̀ náà. Obìnrin tó ni ín ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ tẹlifóònù ní Ìbàdàn kó tó padà wálé sí Igbó-Ọrà. Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín òun àti ẹni tó ń ta kẹrosíìnì, òórùn náà a sì máa bá èèyàn délé. Fóònù rẹ̀ a máa ta pàrapàra létí bí ìgbà tí wọ́n ń yan gúgúrú. Ìwọ náà kúkú mọ bí ayé ṣe rí nígbà náà, fóònù ò tíì wọ àpò ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ní èèyàn lókèèrè a fi nọ́ńbà ìsọ̀ kan ránṣẹ́ sí i, ibẹ̀ ni yóò sì máa pè.

Lọ́dún náà, ìkejì mi tí wọ́n bí wa pọ̀ wà ní ilé ọkọ ní Kàdúná, ó lóyún, oyún ọ̀hún ò sì fara rọ. Ó kọ̀wé pé ká wá nọ́ńbà fún òun, kí òun lè gbọ́ ohùn ìyá wa bí ọjọ́ ìkúnlẹ̀ bá dé. Ìsọ̀ tẹlifóònù méjì ló wà ládùúgbò wa. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló ni èyí tó kù: àga tìmùtìmù, fáànù, ohùn tó mọ́ gaara. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni nígbà náà, ọgbọ́n ń gùn mí. Mo ní ká yáa mú ti ọ̀dọ́kùnrin.

Ìyá wa gbé igbá ẹ̀gúsí tó fẹ́ bó, ó lọ jókòó sí ìsọ̀ ọ̀dọ́kùnrin náà látàárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé e lọ sí ti obìnrin yẹn. Ojú tì mí débi pé ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé ni mò ń gbà. Àṣé ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ìyá wa ní bí wọ́n bá pe ẹni tí kò sí nítòsí, ọ̀dọ́kùnrin náà a ní kò sí níbí, a sì gbé e sílẹ̀. Obìnrin náà ní tirẹ̀ a kọ iṣẹ́ náà sínú ìwé, a dá ọlọ́kadà tó ń lọ sí àdúgbò onítọ̀hún dúró, a ní kó bá òun jẹ́ ẹ. Bí ẹnìkan bá sì ń sọ̀rọ̀ nínú fóònù, a bọ́ síta.

“Ohùn tó mọ́ dáa,” ìyá wa wí. “Ṣùgbọ́n ta ni yóò wá pè mí?”

Èmi ni mò ń bá a kọ̀wé. Mo kọ nọ́ńbà méjèèjì, mo sì fi ti ọ̀dọ́kùnrin ṣáájú. Oríkunkun lásán ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀, a wà lóko, obìnrin náà sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ẹrẹ̀ ti dé orúnkún rẹ̀. Ó ti ti ìsọ̀ rẹ̀ pa.

“Ìyá Ìbejì, ẹ jẹ́ ká lọ. Dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ọmọ yín, ọmọ ọ̀hún ò sì fẹ́ fọwọ́ síwèé àfi tó bá gbóhùn yín. Ó máa tún pè láago mẹ́rin.”

Ọ̀kadà gbé àwọn méjèèjì, mo fẹsẹ̀ sáré tẹ̀ lé wọn. Mo bá ìyá wa tó ti di fóònù náà mú, obìnrin náà sì dúró níta nínú òjò. “Àjọkẹ́,” ìyá wa pe oríkì ìkejì mi, “fọwọ́ sí i. Èmi ìyá rẹ ni mo ní kó o fọwọ́ sí i.” Nígbà tó kàn mí, ìkejì mi ní òun ti kọ́kọ́ pe nọ́ńbà tó wà lókè lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ní a ò sí níbí.

Wọ́n gbé ọmọkùnrin jáde, ìyá rẹ̀ náà yè, àlùhámúdùlíláì. Mo jẹ́wọ́ fún ìyá wa. Ó ń bó ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ, ó ní ṣé mo ti lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin yẹn. Mo lọ, mo kúnlẹ̀ nínú òórùn kẹrosíìnì yẹn, mo dúpẹ́ títí tó fi ní kí n dìde.

Láìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ ń jiyàn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tí a ó fà sílé, kálukú ń sọ èyí tó yá jù. Mo bi wọ́n pé bó bá dákẹ́, ta ni yóò wá? Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó rẹ́rìn-ín jù nínú wọn ni ọmọ tí wọ́n gbé jáde ní Kàdúná.