Ìyẹ́ Kannakánná Inú Dùùrù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, lọ́dún tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n pín ife fún àwọn ọmọ iléèwé, tí èmi tí n kò lọ iléèwé ń wò wọ́n lójú, ọdún yẹn ni bọ̀ọ̀dá kan nínú agboolé wa n'Ísàlẹ̀ Òsì ti ìlú òyìnbó dé. Orin ni wọ́n lọ kọ́. Orin àwọn òyìnbó ayé àtijọ́ ni o, àwọn tó ti kú tipẹ́tipẹ́ kí ọkọ̀ ojú irin tó dé Ìbàdàn. Wọ́n gbé dùùrù kan dé, ó gùn tóóró bíi pósí. Àwọn ìyá wa ní, "Ẹ má sún mọ́ ọn o, òkú òyìnbó ló wà níbẹ̀!"

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé dùùrù yẹn fún yín. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ló wà nínú ẹ̀. Bí bọ̀ọ̀dá bá tẹ eyín ẹ̀, igi pẹlẹbẹ kan á dìde, ìyẹ́ ẹyẹ ṣóńṣó tó wà lára igi náà á sì ta wáyà. Ìyẹ́ yẹn ló ń mú un dún. Àṣé aáyán ti jẹ gbogbo ìyẹ́ náà tán nínú ọkọ̀ ojú omi. Bẹ́ẹ̀, Mọ́ńdè tó ń bọ̀ ni bọ̀ọ̀dá máa tẹ dùùrù ọ̀hún níwájú àwọn ọ̀gá yunifásítì, kí wọ́n tó lè gbà wọ́n síṣẹ́ olùkọ́. Mo bá bọ̀ọ̀dá níbi tí wọ́n káwọ́ lérí.

"Ìyẹ́ lásán ni o, àbúrò mi. Ìyẹ́ lásán ló fẹ́ ba tèmi jẹ́."

Èmi ò bi ẹnikẹ́ni. Mo ki àkùkọ ìyá mi mọ́lẹ̀, mo fa ìyẹ́ apá ẹ̀ tu. Bọ̀ọ̀dá gé e, wọ́n fi sí i. Ó rọ̀ jọ̀bọ̀tọ̀, kò ta wáyà kankan. Kí n tó mọ̀, ìyá mi ti dé, àkùkọ ń sá kiri láìníyẹ̀ẹ́ lápá.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ fò ni?"

Ọwọ́ wọn ti wà lókè kí bọ̀ọ̀dá tó dọ̀bálẹ̀, tí wọ́n ro ẹjọ́. Ìyá mi wò wọ́n títí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Olóyìnbó, ìyẹ́ adìẹ ò le. Ti kannakánná lò ń wá."

Bí mo ṣe gba ìsọ̀ àwọn alápatà l'Ọ́jà'ba lọ nìyẹn, níbi tí kannakánná ti máa ń jà lórí egungun. Àwọn alápatà ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: "Àwọn kan ń ra ẹran, eléyìí ń ṣa ìyẹ́!" Mo kó o wálé, a fọ̀ ọ́, a sá a. Ọjọ́ méjì gbáko lèmi àti bọ̀ọ̀dá fi ń fi abẹ gé e. Ọwọ́ mi kéré, ó yá ju tiwọn lọ. Lọ́sàn-án Sọ́ńdè, wọ́n tẹ̀ ẹ́. Háà! Ó ń dún bí ìgbà tí òjò wẹliwẹli bá ń ta sórí páànù. Ìyá mi ní, "Ṣé gbogbo wàhálà wa nìyí? Kò tilẹ̀ lè jí ọmọ lójú oorun!"

Ṣùgbọ́n yunifásítì gba bọ̀ọ̀dá. Wọ́n kọ́ àwọn ọmọ lórin àtijọ́ yẹn títí irun wọn fi funfun, wọ́n sì tún ń ṣe orin tiwọn sórí dùùrù náà, èyí tí a fi èdè wa kọ. Nígbà tí èmi náà ti ń ta aṣọ ní Bẹẹrẹ, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn á wá: "Màmá, ọ̀gá ní kí ẹ bá wa gé ìyẹ́." Mà á ti aṣọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, mà á gé e.

Nísinsìnyí, wọ́n ní ike ni wọ́n ń lò. Kannakánná gan-an ò pọ̀ l'Ọ́jà'ba mọ́. Kò burú, ayé ń lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ọmọ mi ń gba fọ́ọ̀mù yunifásítì, mo sọ fún wọn pé èmi náà ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Màmá, iṣẹ́ wo?" Mo ní kí wọ́n lọ bi dùùrù.