Ìbọ̀wọ́ Olójú Idẹ

Dókítà Aláǹgbá ni gbogbo àdúgbò ń pe àbúrò mi láti kékeré. Nígbà tí àwọn ọmọ yòókù bá ń sọ òkò lu aláǹgbá, tirẹ̀ ni láti máa fi òwú di ẹsẹ̀ èyí tí wọ́n bá ṣe léṣe. Òwú yẹn, òwú mi ni. Aránṣọ ni mí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fọwọ́ kan òwú mi. Mo bá a jà títí ó fi sú mi. Bàbá wa ló máa ń gbè é lẹ́yìn. Á ní, "Fi ọmọ náà sílẹ̀ jàre. Ẹni tó lè ṣàánú aláǹgbá kò ní fi èmi sílẹ̀ lọ́jọ́ alẹ́ mi."

Nígbà tó wọ yunifásítì, ẹ̀kọ́ nípa ẹranko igbó ló lọ kọ́. Mo ní kó lọ kọ́ ìṣirò, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó jáde pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí tó dára, Màmá fi gíláàsì bò ó, ó gbé e kọ́ sára ògiri pálọ̀, ibẹ̀ náà ló wà tí gbogbo wa ń wò ó. Níbi gbogbo tó bá wáṣẹ́ dé, ìbéèrè kan náà ni wọ́n ń bi í: "Ṣé o ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí?" Báwo lèèyàn ṣe fẹ́ ti ṣe iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni ò tíì gbà á sí? Iṣẹ́ àfínnúfíndọ̀ṣe nìkan ló kù, ìyẹn ni pé kéèyàn ṣiṣẹ́ títí ara á fi bó, kí wọ́n wá kí i pé ó ṣeun. Wọ́n ní iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́, ṣùgbọ́n ó dá mi lójú pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ kò rí àbúrò mi. Ó ka ọ̀pọ̀lọ́ nínú àbàtà. Ó ṣa ọ̀rá àti ike létí òkun. Ó ṣọ́ ẹyin ìjàpá òkun kí ajá má baà hú u jẹ. Bó bá fi máa wọlé, ẹrẹ̀ á ti dé orúnkún rẹ̀, á sì máa rẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi joyè.

Bàbá nìkan ló máa ń béèrè bí ọjọ́ rẹ̀ ṣe lọ. Awakọ̀ ojú irin ni Bàbá kó tó fẹ̀yìn tì. Lásìkò tí mò ń wí yìí, àìsàn àyà ti dá a wólẹ̀. Èémí kì í tó o, orí bẹ́ẹ̀dì tí a tẹ́ fún un lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò pálọ̀ ló sì máa ń wà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, tí á máa wo àwọn tó ń kọjá, tí á máa dá wọn lẹ́jọ́ ìrìn ẹsẹ̀.

Nígbà tó yá, wọ́n gba àbúrò mi ní ilé ìtọ́jú ẹranko igbó tó wà lẹ́yìn ìlú. Lọ́fẹ̀ẹ́ náà ni. Ṣùgbọ́n ẹnì kan fẹ́ kúrò lẹ́nu iṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n sì ń wá ẹni tí wọ́n máa fi rọ́pò rẹ̀. Láàárín àkókò kan náà ni àwọn agégẹdú gé igi ńlá kan lulẹ̀ tòun ti ìtẹ́ idì lórí rẹ̀, ni wọ́n bá gbé ọmọ idì kan wá, tí kò tíì hu ìyẹ́ gidi. Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin onírun funfun kan tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò, pe àbúrò mi.

Ó ní, "Gba ọmọ idì yìí tọ́. Bó bá fò lọ, tó di ẹyẹ igbó, ìwọ ni mo máa gbà síṣẹ́. Àmọ́ ẹyin lohùn o. Má jẹ́ kó já bọ́ níwájú ẹ̀."

Òfin ibẹ̀ rèé. Ẹyẹ tó máa padà sígbó kò gbọdọ̀ mọ̀ pé èèyàn ló ń bọ́ òun. Bó bá fi lè mọ ojú èèyàn tàbí ohùn èèyàn mọ́ oúnjẹ, ó tán nìyẹn. Ibi tí èèyàn bá wà ni á máa tọ̀ lọ. Nítorí náà, aṣọ ni ẹni tó ń tọ́ ọ gbọ́dọ̀ fi bo ara rẹ̀ látorí dé ẹsẹ̀. Kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀, kò gbọdọ̀ wúkọ́. Fóònù rẹ̀, inú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́nu géètì ló ń fi sí. Wọ́n ní ojú lọ̀rọ̀ wà, ṣùgbọ́n níbi iṣẹ́ àbúrò mi, kò sójú, kò sọ́rọ̀.

Ọ̀dọ̀ mi ló gbé ìránṣọ náà wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi rán aṣọ tó máa bò mí pátápátá. Ojú mi ò gbọdọ̀ hàn."

"Ṣé o fẹ́ máa jalè ni? Ó kúkú yá. Olè a máa rí nǹkan gbé wálé."

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ó tún ku ìbọ̀wọ́ kan, tí mo máa rán bí orí ìyá idì, tí òun á máa fi fún ọmọ náà lóúnjẹ. Èmi tí mo ti ń rán aṣọ ìyàwó láti ọjọ́ tó ti pẹ́! Mo gé àrán aláwọ̀ ilẹ̀, mo fi awọ líle ṣe ẹnu rẹ̀, mo rán an títí ó fi jọ ẹyẹ. Ojú ló kù. Àwọ̀ ìyeyè ni ojú ìyá idì, ó sì máa ń dán, mi ò sì ní bọ́tìnnì tó rí bẹ́ẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ló ní kí Màmá lọ gbé kóòtù iṣẹ́ òun wá nínú àpótí. Ó já bọ́tìnnì idẹ méjì kúrò lára rẹ̀, ó fi etí aṣọ ìbora nù wọ́n títí wọ́n fi ń kọ mànà.

Ó ní, "Wọ́n ti bá mi wo ojú irin títí. Ọmọ ẹyẹ lásán ò ní ṣòro fún wọn láti wò."

Láti ọjọ́ yẹn, bí àbúrò mi bá ti ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà ni Bàbá á ti ké sí i: "Kí ni ọmọ wa jẹ lónìí?" Òun náà á jókòó sẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, á ní, "Eku ni, Bàbá. Ìrù ẹ̀ ló kọ́kọ́ fà mì." Bàbá á rẹ́rìn-ín títí á fi di ikọ́, Màmá á wá bá àwọn méjèèjì wí. Ní tòótọ́, ìròyìn ẹyẹ yẹn ló ń gbé Bàbá dé alẹ́. Mo ń rí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò gba ti ẹyẹ náà.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni èémí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í já. Dókítà tó wá wò ó nílé fa Màmá sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì rí bí èjìká Màmá ṣe wálẹ̀. Mo pe àbúrò mi, fóònù rẹ̀ ń dún lásán. Mo wá pe ọkùnrin tó ń ṣọ́ géètì wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi pe àbúrò mi. Bàbá wa ń lọ."

"Yéè, ẹ pẹ̀lẹ́ o, mà. Inú ilé ẹyẹ ló wà. Wọn kì í pariwo níbẹ̀, mà. Bó bá ti ń jáde báyìí, màá sọ fún un."

"Ẹ wọlé, ẹ lọ fà á jáde!"

Bàbá gbọ́ mi. Ó gbé ọwọ́ sókè díẹ̀. "Má jẹ́ kí wọ́n pè é," ó ní. "Ẹyẹ á gbọ́."

Inú bí mi. Mo fẹ́ sọ pé kí ẹyẹ gbọ́, kó tún gbọ́ dáadáa. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ ló ń bẹ̀ mí, ni mo bá pa fóònù. Ó tún béèrè bóyá àbúrò mi ti dé. Mo ní ó ń bọ̀. Lẹ́yìn náà, kò béèrè nǹkan kan mọ́. Nígbà tí àbúrò mi sáré wọlé, a ti pa ojú Bàbá dé. Ìbọ̀wọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò rántí bọ́ ọ.

Kò sunkún lójú wa. Kò pẹ́ tí a sin Bàbá tán tó fi padà síbi iṣẹ́, torí ọmọ idì ò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀fọ̀, oúnjẹ ló mọ̀. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, á bọ́ bàtà, á wo bẹ́ẹ̀dì òfìfo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò, á sì gba yàrá rẹ̀ lọ. Màmá ò ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu mọ́. Ní tèmi, mi ò fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹyẹ kankan.

Ọjọ́ tí wọ́n máa tú idì náà sílẹ̀, wọ́n pe èmi àti Màmá. Orí òkè kan ni, wọ́n ní ká dúró lọ́ọ̀ọ́kán ká má sọ̀rọ̀. Wọ́n ṣí àpótí. Ẹyẹ náà jáde, ó na apá tó gùn ju bí mo ṣe rò lọ, ó wò yíká, ó sì gbéra. Ó ń lọ, ó ń kéré, títí a ò fi rí i mọ́. Màmá di ọwọ́ mi mú gírígírí. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá onírun funfun wá bọ́ aṣọ lójú, ó ní, "Ó ti gbaṣẹ́." Omi bọ́ lójú èmi náà, kí n má purọ́. Mo bá àbúrò mi gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò iṣẹ́ tuntun, gbogbo àdúgbò ń kí wa pé Dókítà Aláǹgbá ti di òṣìṣẹ́ gidi, Màmá sì gbé aṣọ iṣẹ́ náà kọ́ sábẹ́ ìwé-ẹ̀rí. Ó pẹ́ tí a ti rẹ́rìn-ín nínú ilé yẹn.

Ayọ̀ náà kò tọ́jọ́. Wẹ́dà kan tó ń gbé ní ìpẹ̀kun ìlú ló gbé idì náà padà wá nínú àpò, òkú. Òrùka ilé ìtọ́jú wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ohun tó fi mọ ibi tó máa gbé e wá nìyẹn. Kì í ṣe ìkà èèyàn. Àbúrò mi bi í pé kí ni ẹyẹ ṣe.

"Ìyàwó mi ló ń pe ọmọ wa wá jẹun nínú ọgbà," ó ní. "Bẹ́ẹ̀ ni nǹkan yìí ṣe já wálẹ̀ níwájú wọn. Ìyàwó mi fi igbe ta, mo rò pé á sá. Bó ṣe ń pariwo ni ẹyẹ ń sún mọ́ ọn. Ẹnu ẹ̀ ló ń wò. Ó la ẹnu tiẹ̀ náà sílẹ̀. Mo rò pé ọmọ ló fẹ́ gbé, ni mo bá mú pákó."

Wọ́n ní òkò àbínújù kì í pa ẹyẹ. Pákó ìbẹ̀rù ló pa tiwa.

Ọ̀gá ń rò ó lọ, ó ń rò ó bọ̀. Ó ní bóyá àwọn ará abúlé kan ló ń bọ́ ọ lẹ́yìn tó kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Ìbá ti parí síbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí nǹkan kan, kò sẹ́ni tó gbọ́. Àbúrò mi ló ya ẹnu tó ní, "Èmi ni, mà. Mo máa ń bá a sọ̀rọ̀."

Ọjọ́ náà ni iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Orí àpótí ìjókòó ní ṣọ́ọ̀bù mi ló ti wá sọ ọ́ fún mi, pẹ̀lú ẹrù rẹ̀ nínú ọ̀rá lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Kí lo ń bá ẹyẹ sọ?"

"Kò ju ohun tó jẹ lọ. Lẹ́yìn tí Bàbá kú, bí mo bá ti fún un lóúnjẹ tán, màá kàn sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ lábẹ́ aṣọ. 'Bàbá, eku ló jẹ lónìí. Bàbá, ó ti ń fò dé orí igi kejì.' Ẹ̀gbọ́n mi, mi ò mọ ibòmíì tí mo lè sọ ọ́ sí."

Ìdákẹ́ níbi iṣẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kó gbọ́ ohùn Bàbá kẹ́yìn. Ìgbà tó wá la ẹnu, ẹyẹ ló gbọ́ ọ. Wọ́n ní béèyàn ń sunkún, a máa ríran, àmọ́ ẹni tí aṣọ bo ojú rẹ̀, kí ló fẹ́ rí? Mo fà á mọ́ra, ó sì sunkún bí ọmọ kékeré, gbogbo ẹkún tí kò sun lọ́jọ́ ìsìnkú.

Ó tún ti ń wá iṣẹ́ báyìí. Bí wọ́n bá bi í pé kí ló dé tó fi kúrò níbi tó wà, òtítọ́ ló ń sọ fún wọn, wọ́n á sì ní kó máa lọ, àwọn á ránṣẹ́ sí i. Mo ní kó máa rọra purọ́ díẹ̀. Kò gbọ́. Ó ń bá mi ṣẹ́ etí aṣọ nísinsìnyí, ó sì mọ̀ ọ́n ṣẹ́, ṣùgbọ́n ó lè jókòó látàárọ̀ kó má sọ gbólóhùn kan. Màmá bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kan pé, "Ọmọ mi, bá wa sọ̀rọ̀." Ó ní, "Màmá, ohùn mi ló pa á."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá onírun funfun fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Àbúrò mi dìde kí i, òun náà dá a lóhùn, ojú ń ti àwọn méjèèjì. Wọ́n ti tún gbé ọmọ idì mìíràn wá, ẹlòmíràn ló sì máa tọ́ ọ. Ó mú ìbọ̀wọ́ àrán yẹn jáde nínú báàgì. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ya, ó fẹ́ kí n tún un rán.

Mo gbà á. Mo wo bọ́tìnnì Bàbá lójú rẹ̀, inú sì tún bí mi. Kí ló kàn wá pẹ̀lú ẹyẹ wọn mọ́? Mo mú àlùmọ́gàjí kí n gé wọn kúrò, kí n fi ike lásán dípò wọn, kí Màmá lè ní nǹkan Bàbá lọ́wọ́. Àbúrò mi di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀. Bàbá ò ní sọ̀rọ̀."

Mo sọ àlùmọ́gàjí kalẹ̀. Mo rán ẹ̀gbẹ́ tó ya, mo sì tún fi òwú tuntun gán bọ́tìnnì méjèèjì mọ́lẹ̀ kí wọ́n má baà já.