Ife Omi Àlejò

Kí ẹ̀gbọ́n ìyá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ tó gbé omi fún àlejò, wọn á kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Nígbà tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́, tí wọ́n ń lọ fi ẹ̀rọ fọ ẹ̀jẹ̀ ní Ìbàdàn, dókítà ní wọn kò gbọ́dọ̀ mu omi púpọ̀. Apá tí nọ́ọ̀sì ń gún wú, ó ń gbóná janjan. Bí mo bá ti Ọ̀yọ́ dé, wọn á gbé ife tánganran tútù lé apá yẹn, wọn á tọ́ omi wò, wọn á gbé e fún mi.

"Màmá, ẹ mu díẹ̀ sí i."

"Ti àlejò ni. Ó ti tó mi."

Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, àlejò kún ilé. Èmi ni mo gbé omi jáde. Mo tọ́ ọ wò, mo gbé e fún àlejò àkọ́kọ́.