Ọkọ̀ Oníjókòó Méjì Tí A Fi Iyanrìn Dán Wò

Ara mi kì í balẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí a fi gbé Boundary, ní Ajégúnlẹ̀. Yàrá kan ṣoṣo là ń gbé, èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọbìnrin wa méjèèjì. Ilẹ̀kùn wa kọjú sí ilẹ̀kùn ẹlòmíì, rédíò ẹnì kan ń ké, ti ẹlòmíì ń dá a lóhùn. Èmi tí wọ́n bí sí erékùṣù tó wà lódìkejì omi, tó jẹ́ pé ọkọ̀ ni mo ń wà lọ sílé ìwé! Tó bá ti di àárọ̀ Sátidé, màá ká aṣọ tí mo ti ká lánàá, màá gbá ilẹ̀ tó mọ́, màá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá tún wọlé. Ọkọ mi á máa wò mí láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìyá àwọn ọmọ, ta ló ń lé ẹ?"

Ìyá mi ṣì wà lódìkejì omi níbẹ̀. Orúnkún rẹ̀ kò jẹ́ kó lè wọkọ̀ mọ́, ojú rẹ̀ sì ti ń ṣú. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, níbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ó ń ránṣẹ́ ṣáá pé kí n kó àwọn ọmọ wá kí òun rí ojú wọn, kí ojú òun tó lọ tán. Ìgbà ìkómọ ló ti rí ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n sì ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà. Àbúrò tó ń lọ sí mẹ́rin, kò rí i rí.

Ọkọ mi ni kò gbà. Wáàfù Apápá ló ti ń ṣiṣẹ́, ó ń já ẹrù nínú ọkọ̀ òkun, ó sì dá a lójú pé kò sẹ́ni tó mọ ẹrù tó òun. Tó bá ti rí àwọn ọkọ̀ akérò tó ń kó èèyàn kọjá omi, á kàn mi orí. "Ẹrù yẹn ti pọ̀ jù fún un. Àwọn ọmọ mi ò ní wọ̀ ọ́." Mo bẹ̀ ẹ́, mo bínú, mo tún bá a yan odì, kò yí ohùn padà.

Àfi ìgbà tí òyìnbó kan tó ń gbé etí omi ní Apápá fẹ́ padà sílùú rẹ̀. Mò ń tẹ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Liverpool Road, ó sì máa ń yà síbẹ̀. Ó ní òun ní ọkọ̀ kékeré méjì tí wọ́n ń pè ní kayáàkì, oníjókòó méjì ni méjèèjì, ẹni méjì ló sì ń wà á. A lè mú èyí tó bá wù wá, ọ̀rẹ́ òun yóò mú èyí tó kù. Èmi àti ọkọ mi á máa wà á, àwọn ọmọ á jókòó síwájú wa. Inú mi dùn débi pé mò ń ṣi ìwé tẹ̀ títí a fi ṣíwọ́.

Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó ronú sí i títí oúnjẹ rẹ̀ fi tutù.

"Màá dán an wò fúnra mi," ó ní. "Tí kò bá gba ẹrù wa dáadáa, má dárúkọ omi létí mi mọ́ láéláé."

Bí a ṣe gba Malu Road kọjá ní Sátidé yẹn, èmi ni mo wà níwájú. Àbúrò wà lẹ́yìn mi, àwọn tírélà ń fun fèrè, ọkọ mi ń pariwo lẹ́yìn pé, "Rọra, ọkọ̀ náà ò ní sá lọ!" Lójú tèmi, ó lè sá lọ.

Mẹ́gáàdì òyìnbó náà wọ́ ọkọ̀ méjèèjì jáde fún wa létí omi. Èkíní pupa, ó gùn, ó tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n bo orí rẹ̀, ihò méjì péré ni wọ́n dá sí i tí èèyàn á ki ẹsẹ̀ bọ̀ kó tó jókòó. Èkejì kúrú, ó fẹ̀, orí rẹ̀ ṣí sílẹ̀ gbalasa, oòrùn sì ti pa àwọ̀ rẹ̀ dà. Ó jọ ọpọ́n ìfọṣọ. Kíá ni ọkàn mi ti lọ sọ́dọ̀ pupa.

Ọkọ mi kò wo àwọ̀. Ó yọ àpò ìrẹsì méjì tó ṣófo, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyanrìn sí i. Á gbé ẹ̀gbọ́n sókè, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á gbé àpò sókè, á tún bu iyanrìn kún un, títí àpò kan fi wúwo tó ẹ̀gbọ́n, tí èkejì sì tó àbúrò. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní wáàfù nìyẹn, ọwọ́ wọn ni ìwọ̀n. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kó tún gbé àwọn. Ó so ẹnu àwọn àpò náà, ó kó wọn sínú ọkọ̀ pupa, ọ̀kan nínú ihò kọ̀ọ̀kan. Ó ní kí èmi àti mẹ́gáàdì máa wà á lọ. Òun dúró sórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Háà, ọkọ̀ yẹn sáré! Àjẹ̀ ò tíì kan omi tán tí a ti lọ. Kò mì, kò yẹ̀. Ó ti pẹ́ gan-an tí inú mi ti dùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mẹ́gáàdì ń kígbe níwájú mi pé, "Madam, dis one sweet die!" Nígbà tí a wọ èyí tó fẹ̀, ńṣe ló ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ dé ibi tó ń lọ.

"Pupa la máa mú," ọkọ mi sọ. "Ẹrù ò yẹ̀ nínú ẹ̀ rárá. Mo ti gbà. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó kó wọn lọ sọ́dọ̀ ìyá ẹ."

Ó yẹ kí n jó. Mi ò jó. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ tí ọmọdé yóò máa wọ̀, ọmọ ló máa ń kó sínú rẹ̀, níbi tí omi kò ti ju orúnkún lọ, á ní kí wọ́n máa ṣeré. Ọkọ̀ tó bá da ọmọ nù, kò ní rà á. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, mo sì mọ̀ pé àpò iyanrìn kì í yọjú wo ẹja. Ṣùgbọ́n tí mo bá sọ ọ́, tí ọkọ̀ yẹn sì da àwọn ọmọ nù lójú bàbá wọn, ó parí nìyẹn, ìyá mi kò ní rí wọn. Tí mo bá dákẹ́, lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ a ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo rìn lọ, mo rìn bọ̀ lórí iyanrìn yẹn. Inú bí mi sí ìyá mi tó kọ́ mi ní nǹkan yẹn, inú bí mi sí ọkọ mi tí kò bi mí léèrè.

"Bàbá àwọn ọmọ," mo sọ níkẹyìn, "ẹ kó àwọn àpò yẹn kúrò. Ẹ kó àwọn ọmọ sí i."

"Kí ló dé? Ìwọ̀n kan náà ni."

"Ẹ ṣáà kó wọn sí i. Kí ẹ sì dúró tì wọ́n."

A wọ ẹ̀wù tó ń gbéni léfòó fún wọn, èyí tí òyìnbó fi sílẹ̀. Ọkọ mi ká ṣòkòtò, ó wọnú omi dé orúnkún, ó di etí ọkọ̀ mú gírígírí. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Wọn ò tíì jókòó dáadáa tí akàn kan fi kọjá lábẹ́ omi. "Wò ó!" ẹ̀gbọ́n kígbe. Àwọn méjèèjì rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà, ọkọ̀ pupa sì dojú dé. Ẹ̀gbọ́n bọ́ síta, ẹsẹ̀ àbúrò há sínú ihò. Kí n tó dé ibẹ̀, bàbá wọn ti fà á yọ, ó ti gbé e sí èjìká bó ṣe ń gbé àpò. Ọmọ náà wúkọ́, ó pọ omi, ó ké.

"Ó tán," ọkọ mi sọ. "A ń lọ sílé."

Mo jókòó sórí iyanrìn, mo bú sẹ́kún níwájú mẹ́gáàdì, ojú ò tì mí. Ìyá mi ni mò ń rò, bó ṣe máa jókòó sétí omi tí á máa retí wa.

Àbúrò ti dákẹ́ kí n tó dákẹ́. Ó ń wo ọkọ̀ kejì láti orí èjìká bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ìyẹn ńkọ́?"

Ẹ̀gbọ́n kò dúró de ìdáhùn ẹnikẹ́ni, ó ti wà nínú rẹ̀, ó ń fò, ó tẹ̀ síbí, ó tẹ̀ sọ́hùn-ún, ó ń wá akàn rẹ̀. Ọkọ̀ náà á mì díẹ̀, á tún padà dúró. Àbúrò jà títí bàbá rẹ̀ fi gbé òun náà sí i. Wọ́n jọ rọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò dà. Ọkọ mi fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ etí ọkọ̀ náà mọ́lẹ̀, kò dà.

Ọkọ mi kò wò mí lójú nígbà tó sọ̀rọ̀.

"Mi ò lè lúwẹ̀ẹ́."

Ọkùnrin tó ti ń ṣiṣẹ́ létí omi látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n! Gbogbo ìjà wa, gbogbo "ẹrù ti pọ̀ jù" yẹn, kò sọ èyí fún mi rí. Mo fẹ́ bínú sí i, mi ò rí ìbínú náà mọ́.

"Ẹ jókòó síwájú," mo ní. "Èmi á máa wà á."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, a wọ ọpọ́n ìfọṣọ wa kọjá. Mo fẹ́ sáré, kò lè sáré. Ìyá mi wà létí omi. Ó gbé ojú ẹ̀gbọ́n sókè sínú oòrùn, ó sún mọ́ ọn títí imú wọn fi kanra, lẹ́yìn náà ó ṣe bẹ́ẹ̀ fún àbúrò, ó pẹ́ lórí rẹ̀. "Mo rí yín," ó ń sọ, "mo rí yín." Èmi jókòó sórí iyanrìn, ara mi balẹ̀.

"Ta ló kù nínú ọkọ̀ yẹn tí kò sọ̀kalẹ̀?" ìyá mi béèrè.

"Èmi ni, mà," ọkọ mi dáhùn. "Ẹsẹ̀ mi ló ń gbọ̀n."

"Ẹ jẹ́ kó gbọ̀n tán. Ẹ kú ewu omi." Ó na ọwọ́ sí i láti fà á dìde, ṣùgbọ́n ibi tí kò sí ló na ọwọ́ sí. Ọkọ mi sún lọ síbẹ̀, ó dì í mú.