Ọkọ Tí Kì Í Ṣe Ọkùnrin

Bí ẹnikẹ́ni bá ń wá ilé tí ẹ̀rù ń gbé, kó má wulẹ̀ wá a jìnnà: àyà Adétutù Akínwùmí ni. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ọmọ tíṣà ilé ìwé Onítẹ̀bọmi. Òjò kì í ṣú nígbà èwe rẹ̀ kó má sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gun àtẹ̀gùn oníná ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin New Carrollton, táì òyìnbó kan tí kò mọ̀ rí ló dì mú, wọn ò sì rí táì náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀ títí wọ́n fi dé òkè. Àwọn kan ní irọ́ ni. Àwọn wọ̀nyẹn ò sí níbẹ̀. Èmi náà ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìtàn yìí ju àwọn tó wà níbẹ̀ lọ.

Ọdún 1996 ni. Adékúnlé ọkọ rẹ̀ ṣì wà ní Ìbàdàn tó ń retí físà. Adétutù ń gbé ní District Heights, ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, nínú yàrá abẹ́ ilé kan, òun àti Túndùn, àbúrò Adékúnlé lóbìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ní yunifásítì College Park. Díákónì Joshua ló ni ilé, àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà tí ìyàwó rẹ̀ ti kú. Bó bá wúkọ́ lókè, ife a máa mì nísàlẹ̀. Ìjọ Onítẹ̀bọmi kan náà ni gbogbo wọn ń lọ, ibẹ̀ náà sì ni Adétutù ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ọwọ́ fún àwọn ìyá tó ń lọ síbi iṣẹ́. Ilé, iṣẹ́, ìjọ: okùn kan ṣoṣo ló so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹni tó bá fà á níhìn-ín, yóò já lọ́hùn-ún.

Ẹni tí ìyá rẹ̀ tọ́ dáadáa ò nílò àlàyé èyí tó kàn, àmọ́ Amẹ́ríkà ti fọ nǹkan púpọ̀ kúrò lórí ahọ́n wa, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́. Obìnrin tó bá wọ ilé ọkọ, gbogbo ẹni tó bá nílé ọkọ rẹ̀ ló ń jẹ́ ọkọ fún un. Ìbáà jẹ́ ọkùnrin, ìbáà jẹ́ obìnrin, ìbáà jẹ́ ọmọ tó ṣì ń mu ọmú. Kò gbọdọ̀ pe orúkọ wọn. Adétutù ò pe Túndùn ní Túndùn rí láyé. "Ọkọ mi" ló ń pè é, bí inú rẹ̀ bá sì dùn, "Eyínmẹ́nugún ọkọ mi." Bí bọ́ọ̀sì bá fẹ́ fi wọ́n sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìn, gbogbo àgbàlá ìjọ ló ń gbọ́ wọn:

"Ọkọ mi, ẹ dúró dè mí o!"

"Ìyàwó mi, ẹ máa sáré bọ̀! Ẹsẹ̀ yín ti ń di òkúta!"

Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin, obìnrin sí obìnrin, gba gbogbo rédíò kan. Ẹjọ́ kan ń lọ ní Hawaii, àwọn aṣòfin ní Washington sì ń ṣe òfin pé ọkùnrin àti obìnrin nìkan ni tọkọtaya. Nínú ìjọ, inú àwọn aláwọ̀ dúdú ń ru. Arábìnrin Sarah, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, tí fìlà rẹ̀ tóbi ju agboòrùn lọ, dìde lọ́jọ́ kan ó ní:

"Àwọn tó ń jà fún irú ìgbéyàwó yìí ní bí wọ́n ṣe ṣe sí wa nítorí àwọ̀ wa ni wọ́n ń ṣe sí àwọn. Ṣé awọ ara mi ni ẹ̀ṣẹ̀? Ṣé mo lè bọ́ tèmi sílẹ̀ kí n tó wọ bọ́ọ̀sì tí wọ́n ti ń lé dúdú sẹ́yìn?"

"Àmín!" Ohùn Adétutù ló ga jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìbéèrè ni wọ́n bi, kì í ṣe àdúrà.

Stephanie wà nínú ẹgbẹ́ akọrin níbẹ̀, ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí síbí fún bàbá àti ìyá tó ti Ìbàdàn wá. Ọmọ rere ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ìwé atúmọ̀ èdè láti fi kọ́ Yorùbá, gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá ta sí i létí ló ń yẹ̀ wò nínú rẹ̀. Ó gbọ́ "ọkọ mi," ó ṣí ìwé. Ó gbọ́ "ìyàwó mi," ó tún ṣí i. Ojú rẹ̀ là rekete, ó sì lọ bá Arábìnrin Sarah.

Adétutù ò mọ nǹkan kan. Ohun tó rí ni pé ìyá kan wá gba ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀, kò kí i, ó sì ń nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọmọ náà bí ẹni pé èérí wà níbẹ̀. Ìyá kejì tẹ̀ lé e. Lọ́jọ́ Ẹtì, Arábìnrin Sarah dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé.

"Ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, wá sí ọ́fíìsì pásítọ̀. Mú ọkọ rẹ dání."

"Ọkọ mi wà ní Ìbàdàn, mà."

"Èyí tó wà níbí ni mò ń sọ."

Adétutù rò ó títí ó fi yé e. Nígbà tó yé e, ẹ̀rín pa á, ó rẹ́rìn-ín dé ilé. Láàárọ̀ Sátidé, níbi tí wọ́n ti ń fọṣọ, tí òun àti Túndùn ń ká aṣọ ibùsùn pọ̀, ó ní:

"Eyínmẹ́nugún, ẹ wá gbọ́ eré. Wọ́n ní èmi àti ẹ̀yin la fẹ́ra wa! Lọ́la ni n ó là wọ́n lọ́yẹ̀."

Túndùn ò rẹ́rìn-ín. Aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ bọ́ sílẹ̀.

"Ìyàwó wa, eré ni lọ́dọ̀ tiyín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n bi èmi."

"Kí ni wọ́n fẹ́ bi yín?"

"Ògo."

"Ògo tó máa ń wá jẹ ẹ̀bà lọ́dọ̀ wa? Ọmọbìnrin yẹn, ọ̀rẹ́ yín?"

"Kì í ṣe ọ̀rẹ́."

Ẹ̀rọ ìfọṣọ ń yí lẹ́yìn Adétutù. Ó dijú, ó lajú.

"Bọ̀dá yín mọ̀?"

"Bí bọ̀dá mi bá mọ̀, ṣé ilé yìí ni mo máa wà?"

Adétutù he aṣọ ibùsùn nílẹ̀, ó ń ká a. Ṣé kó bínú ni? Inú ń bí i. Ṣé kó sunkún ni? Ẹkún náà ń bọ̀. Wọ́n ti kọ́ ọ láti kékeré pé iná ọ̀run ń bẹ, ó sì ń rí iná náà níwájú rẹ̀, Túndùn ọkọ rẹ̀, tí òun fi ọwọ́ ara òun dirun fún, sì dúró létí iná náà. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà tó rí kedere: ẹnu rẹ̀ lè gba òun sílẹ̀ lọ́la, gbólóhùn kan péré ni: àṣà ilé ọkọ ni. Bí ó bá sì ti sọ gbólóhùn náà tán, ojú gbogbo wọn yóò kúrò lára òun, yóò ṣí lọ sára Túndùn, wọn yóò sì bi í. Bí ọ̀rọ̀ bá wá rí bẹ́ẹ̀, Díákónì Joshua ò ní jẹ́ kí wọ́n gbé inú ilé rẹ̀ mọ́. Níbo ni Adékúnlé yóò wá bá wọn?

Lọ́jọ́ Àìkú, pásítọ̀ ti rìnrìn àjò. Arábìnrin Sarah ló jókòó sídìí tábìlì, Stephanie lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Díákónì Joshua lójú fèrèsé pẹ̀lú fìlà lórí orúnkún. Adétutù àti Túndùn jókòó kọjú sí wọn, Adétutù sì ṣàlàyé. Ó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan: ìyá ọkọ, àbúrò ọkọ, ọmọ ẹ̀gbọ́n ọkọ tí kò tíì lè fẹ́ imú ara rẹ̀, ọkọ ni gbogbo wọn.

"Àní ọmọ jòjòló?" Arábìnrin Sarah bi í.

"Mo pọn ọkọ mi kan sẹ́yìn lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi, mà. Ó tọ̀ sí mi lára."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu Arábìnrin Sarah. Ó rẹ́rìn-ín títí fìlà ńlá yẹn fi ṣí kúrò lórí rẹ̀. Stephanie fọwọ́ bo ojú.

"Àǹtí, ẹ má bínú sí mi. Wọn ò kọ ọ́ sínú ìwé náà."

"Ìwé ò wọ ilé ọkọ rí," ni Adétutù wí, "báwo ni yóò ṣe mọ̀?"

Inú yàrá náà tutù, bí ìgbà tí wọ́n bu omi síná. Àfi ìgbà tí Arábìnrin Sarah nu ojú tán tó yíjú sí Túndùn, pẹ̀lú inú dídùn, láìní ìkà kankan nínú:

"Ọpẹ́ ni fún Jésù. Ìwọ náà kàn sọ ọ́ lẹ́nu ara rẹ, ọmọ mi, kí n rí nǹkan fi dá àwọn ìyá lóhùn. Sọ pé o kì í ṣe irú wọn."

Túndùn wo kápẹ́ẹ̀tì. Gbogbo wọn ń dúró dè é.

Adétutù dìde, ó dúró síwájú Túndùn.

"Arábìnrin Sarah, ní ilé wa, a kì í fi ìbéèrè ká ọkọ mọ́ níṣojú ìyàwó. Èmi ni kí ẹ bi. Mo sì ti dáhùn."

"Bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ péré ni mo ní kó wí."

"Mo gbọ́, mà. Kò ní wí i."

Ẹ̀rín tán lójú Arábìnrin Sarah. Ó gbé fìlà rẹ̀ dé padà, díẹ̀díẹ̀. "Ó dára. Má padà sọ́dọ̀ àwọn ọmọ mọ́ o."

Díákónì Joshua dé fìlà rẹ̀. Ó dìde, ó jáde. Ìyẹn ló já Adétutù láyà jù lọ.

Nínú bọ́ọ̀sì, oòrùn oṣù Kẹjọ ń jó ènìyàn, Adétutù sì ń gbọ̀n.

"Ìyàwó wa, ẹ ò fara mọ́ ọ̀rọ̀ èmi àti Ògo."

"Mi ò fara mọ́ ọn rárá."

"Kí ló wá dé tí ẹ fi…"

"Ẹ má bi mí. Ẹ sún mọ́ mi, òtútù ń mú mi."

Nígbà tí wọ́n délé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ó ti di báàgì Túndùn, ó ti di tirẹ̀, nígbà tí àtẹ̀gùn bẹ̀rẹ̀ sí í dún, gì, gì, gì. Wọ́n kan ilẹ̀kùn. Díákónì Joshua wọlé, ó wo báàgì yíká.

"Ta ló lé yín?"

"Kò tíì sí, sà. Ẹ̀yin la ń retí."

Àgbàlagbà náà jókòó lórí àga ìdáná, ó mí kanlẹ̀.

"Ellen ni ìyàwó mi ń jẹ́. Òyìnbó ni. Washington la ti lọ ṣègbéyàwó, nítorí òfin Maryland níbí ò gbà kí dúdú fẹ́ funfun. Bí ọlọ́pàá bá dá mọ́tò wa dúró, n ó sọ pé dírẹ́bà rẹ̀ ni mí. Ẹ̀yìn ló ń jókòó, nínú mọ́tò ara wa. Onígbàgbọ́ ni àwọn tó ń ṣọ́ òfin yẹn. Bíbélì ni wọ́n fi gbè é lẹ́sẹ̀. Ọdún 1967 ni wọ́n tó pa á rẹ́. Ọjọ́ yẹn ló wá jókòó níwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi."

Túndùn gbójú sókè. "Nítorí náà, ẹ fara mọ́ wa, sà?"

"Rárá o. Mo ń ka Bíbélì mi, ohun tí mo rí níbẹ̀ ni mo rí. Sarah ò parọ́." Ó dìde, ọwọ́ rẹ̀ di ara ògiri mú. "Àmọ́ mo mọ bí àyà ṣe ń já nígbà tí wọ́n bá ń kan ilẹ̀kùn. Mi ò ní jẹ́ ẹni tó ń kàn án."

Ó gun òkè padà. Ó wúkọ́, ife mì.

Adétutù dúró láàárín yàrá fún ìgbà pípẹ́, ó ń tẹ́tí sí òkè bóyá ọkàn bàbá náà yóò yí padà. Lẹ́yìn náà ó tú báàgì Túndùn, ó fi àwọn aṣọ rẹ̀ kọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe dì í, sẹ́yìn ilẹ̀kùn, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o kíákíá. Ìgbà tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ lóṣù Kejìlá, tó ń wá súwẹ́tà, ló tó ṣí báàgì náà.