Ìpè tí Mo Pe Ọ̀rẹ́ Mi Lójú Títì

Èmi àti ọ̀rẹ́ mi la jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ zémì ní Pobè, tí à ń fi alùpùpù gbé èrò. Kò pẹ́ tó fi rí ọkọ̀ akẹ́rù wà, tó ń kó símẹ́ńtì láti Onigbolo lọ sí Àjàṣẹ́. Ẹnu lásán ni mo fi bá a yọ̀. Ìlara ń jẹ mí lọ́kàn. Tó bá ti ń kọjá, á tẹ fèrè kí mi látòkè níbi tó jókòó sí, eruku ọkọ̀ rẹ̀ á sì bò mí. Ìyàwó mi tilẹ̀ sọ lọ́jọ́ kan pé, "Ara ọ̀rẹ́ rẹ mà ti wá ń dán o!" N kò lè jẹun tán lọ́jọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbé èrò lọ sí Sakété. Àwọn ọlọ́pàá wà ní oríta, wọ́n ń dá ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bó ti ń wakọ̀ dúró, torí òfin kò gbà á. Bí mo ṣe máa gbójú sókè, ọkọ̀ ọ̀rẹ́ mi ló ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán yẹn. Mo yà sábẹ́ igi, mo pè é.

Ó gbé e.

"Ṣé kò sí o? Ṣé kò sí?"

N kò fọhùn. Mo ń wò ó bó ṣe fi ọwọ́ kan wakọ̀ dé iwájú wọn.

Wọ́n gba ìwé ìwakọ̀ rẹ̀. Ọ̀gá tó ni ọkọ̀ náà sì gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo lọ kí i nílé bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

Ó ní, "N kì í gbé fóònù lójú títì. Àmọ́ mo rí i pé ìwọ ni. Mo rò pé ìyàwó rẹ ti ń rọbí."

Lóòótọ́, oyún ìyàwó mi ti pé oṣù. Ọ̀rẹ́ mi fúnra rẹ̀ ló ti ní tó bá ń rọbí kí n pe òun, òun á wá ẹni tó máa gbé e lọ ilé ìgbẹ̀bí.

Mo sọ fún un pé, "Mo ti rí ọlọ́pàá kí n tó pè ọ́."

Ó bi mí pé, "Kí ni mo fi ṣe ọ́?"

"O ò fi nǹkan kan ṣe mí. Ọkọ̀ tí wọ́n fún ọ ni."

Ó ní kí n máa lọ.

Abúlé Ahoyéyé ló wà báyìí, ó ń gbin ẹ̀gẹ́ lóko bàbá rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan sọ fún mi pé ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ta yọ lọ́dún yìí. Ìlara tún jẹ mí lọ́kàn, ojú sì tì mí.