Ọrùn Agbádá Baba Sùlé

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, mo ti dúró níwájú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì, mo sì ti ṣìsọ lójú wọn. Síbẹ̀, kò sí ìtìjú tó jọ ti ìrọ̀lẹ́ tí Baba Sùlé gbé agbádá funfun wọ̀ lójú mi, lábẹ́ igi máńgòrò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́sálásí, nígbà tí ọdún ìtúnu ààwẹ̀ ku ọ̀la.

Ìjọba Faransé ló ń ṣàkóso wa nígbà náà. Mo ti ṣe ilé-ìwé tán ní Tchaourou, mo sì ti kùnà nínú ìdánwò tí ì bá gbé mi síwájú. Bàbá mi kò bá mi wí. Ó kàn mú mi lọ sọ́dọ̀ Tọ́ntọ́n Rájí, àbúrò ìyá mi tí à ń fi èdè Faransé pè bẹ́ẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ fífi abẹ́rẹ́ dárà sí ọrùn àti àyà agbádá.

“Ọmọ ìwé rèé,” ni bàbá mi wí. “Bá mi wò ó bóyá ọwọ́ rẹ̀ á gbọ́ iṣẹ́.”

Tọ́ntọ́n a máa ṣiṣẹ́ bí ẹni ń ṣeré. Yóò fi èédú tọ́ ìlà kan péré, yóò ki abẹ́rẹ́ bọ aṣọ, yóò sì máa bá àwọn tó wà lábẹ́ igi tàkúrọ̀sọ. Rúlà àti pẹ́ńsù ni èmi gbé wá. Bí mo bá rán díẹ̀, n ó wọ̀n ọ́n, n ó tú u, n ó tún un rán. Mo sì máa ń fa òwú le kankan, kó má baà yà kúrò lójú ìlà.

“Látífù,” Tọ́ntọ́n a wí, “aṣọ kì í ṣe ewúrẹ́, kò fẹ́ sá lọ. Dẹ òwú fún un.”

“Mo ti gbọ́, Tọ́ntọ́n.”

N kò gbọ́.

Oníṣòwò iṣu ni Baba Sùlé, ará Kika. Nígbà tó gbé aṣọ ọdún rẹ̀ wá, itan mi ni Tọ́ntọ́n gbé e lé. Ó ní, “Ìwọ nìkan ni yóò ṣe èyí. Bó bá dára, o ti di ọ̀gá ara rẹ nìyẹn. Bí kò bá dára, n ó sọ fún bàbá rẹ pé ọwọ́ rẹ kò gbà á.”

Mo mọ̀ pé n kò lè kojú bàbá mi pẹ̀lú ìkùnà lẹ́ẹ̀kejì.

Ọnà méjì ló yẹ kó wà láyà aṣọ náà, ọ̀tún àti òsì, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Ọ̀tún ni mo kọ́kọ́ ṣe, pẹ̀lú rúlà. Bí mo bá ń sọ ìtàn yìí lónìí, àbúrò mi obìnrin a máa takú pé òsì ni mo kọ́kọ́ ṣe. Ó lè jẹ́ òun ló tọ̀nà. Mo máa ń sọ pé n kò rí i pé aṣọ ń hunjọ, nítorí pé mo nà án lórí orúnkún. Lónìí, n kò lè búra pé n kò rí i.

Nígbà tí ó kan òsì, àyè àtiwọ̀n kò sí mọ́, nítorí ọdún ku ọ̀la. Tọ́ntọ́n ń sọ ìtàn ìyá kan ní Alafiarou, lọ́jọ́ tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ kọjá.

“Ó sọ ẹrù iṣu kalẹ̀, ó kúnlẹ̀: ‘Ẹ kú ìrìn o, bàbá!’ Ọkọ̀ fọn fèrè. Ìyá pariwo: ‘Ó dáhùn! Ẹ gbọ́, ó mọ̀ mí!’”

Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi. N kò rántí pé mo ń ránṣọ. Nígbà tí mo wolẹ̀, ọnà òsì ti parí pátápátá, ó tẹ́jú, ó ń dán. Ẹ̀rù bà mí, nítorí n kò wọ̀n ọ́n rárá. Mo ń wá ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú u nígbà tí Baba Sùlé dé, tí ó sì gba aṣọ náà wọ̀.

Òsì sùn sí i láyà bí omi inú àwo. Ọ̀tún hunjọ bí ẹnu arúgbó tí kò léyín.

“Baba Sùlé,” ẹnìkan ké, “ṣé agbọ́n ló ta yín lọ́mú ọ̀tún ni?”

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Baba Sùlé wo àyà ara rẹ̀. “Rájí, ìwọ lo ṣe òsì, ọmọ ìwé wá ṣe ọ̀tún, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá,” mo yára dáhùn.

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Tọ́ntọ́n. “Irọ́ ni. N kò fọwọ́ kan aṣọ yẹn.”

“Ta ló wá ṣe òsì?” Baba Sùlé bèèrè.

Ojú tì mí nítorí ọ̀tún. Ó sì tì mí jù bẹ́ẹ̀ lọ nítorí òsì, pé èyí tó burẹ́wà ni mo yára pè ní tèmi. Mo kúnlẹ̀. “Bàbá, èmi náà ni. Ẹ jẹ́ kí n tú ọ̀tún.”

“Kí o tú u, kí wọ́n lè ní Rájí ló ṣe gbogbo rẹ̀? Aṣọ mi ni. Bó ṣe wà ni n ó ṣe wọ̀ ọ́ kírun.”

Ó sì wọ̀ ọ́. Ní yídì, mo fara pamọ́ sẹ́yìn bàbá mi, mo ń wo bí àwọn ènìyàn ṣe ń tọ́ka sí i.

Lẹ́yìn ọjọ́ ọdún náà, mo padà sábẹ́ igi láti lọ kó ẹrù mi. Tọ́ntọ́n gbé aṣọ mìíràn lé mi nítan.

“N kò sọ nǹkan kan fún bàbá rẹ,” ó wí. “Ọwọ́ rẹ gbà á. Ìwọ gan-an ni kò tíì gbà bẹ́ẹ̀. Jókòó. Níbo la bá ọ̀rọ̀ dé?”

Mo ki òwú bọ abẹ́rẹ́.

“Ìyá Alafiarou ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, Tọ́ntọ́n.”